Orí Keje: Gígun Igi fún Ìgbádùn àti Sísùn Mọ́jú ní Ìbòrí Igbó

Ẹni tí ó bá dàgbà sí abúlé oko ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún un pé ènìyàn lè fi igi gígun ṣe iṣẹ́ jẹun, nítorí pé ó ti rí akọpẹ tí ó gbé igbà kọ́ èjìká, tí ó fi àdá há ìbàdí, tí ó dé ìdí ọ̀pẹ, tí ó fi igbà yí igi àti ara rẹ̀ ká, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ igi, tí ó ń ju igbà sókè díẹ̀díẹ̀, títí tí ó fi dé ibi tí ẹyìn wà tàbí ibi tí ẹlẹ́mu so akèrègbè rẹ̀ rọ̀ sí. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ lè má tí ì gbọ́ ni pé àwọn kan wà láyé tí wọn kò wá ẹyìn, tí wọn kò wá ẹmu, tí wọn kò wá oyin, tí wọn kò sì ní ẹ̀ka kankan tí wọ́n fẹ́ gé, síbẹ̀ tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra okùn, tí wọ́n ń gun igi tí ó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ, tí wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sí àárín ẹ̀ka rẹ̀, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀ mọ́jú, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní òwúrọ̀ láìmú ohunkóhun bọ̀. Orí ìwé yìí dá lórí irú àwọn bẹ́ẹ̀, lórí ohun èlò wọn, lórí ohun tí wọ́n ń bá pàdé lókè, àti lórí ìlera ara ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀lé wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ìgboyà kọ́ ni ó ń gbé ènìyàn dé orí igi tí ó sì ń gbé e padà sílẹ̀ láìfarapa, ìmọ̀ àti sùúrù ni, ìmọ̀ àti sùúrù kan náà ni kò sì ní jẹ́ kí igi fúnra rẹ̀ fara gbọgbẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rẹ́ ẹ̀ka igi ládùúgbò ni ó kọ́kọ́ ní ọgbọ́n okùn yìí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn, Peter Jenkins, tí ó ti máa ń gun àpáta kí ó tó wá fi ìtọ́jú igi ṣe iṣẹ́ ní ìlú Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni ó dá ẹgbẹ́ Tree Climbers International sílẹ̀ ní ọdún 1983, kí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ akọ̀wé, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ilé-ìwé, lè kọ́ bí a ti ń gun igi fún ìdùnnú lásán. Kí ó tó ṣe èyí, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ti ń gba ọ̀nà tiwọn lọ sókè. Ní àwọn ọdún 1970, Donald Perry ń fi okùn gun àwọn igi ńlá inú igbó Costa Rica. Ní 1979, Margaret Lowman bẹ̀rẹ̀ sí í gun igi ní Ọsirélíà, ó sì jẹ́ pé aṣọ líle tí a fi ń ṣe ìgbànú inú mọ́tò ni ó fi rán ìgbànú ìgùngi rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń tà á fún irú iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe. Bí àwọn tí ń wá ìmọ̀ àti àwọn tí ń wá ìgbádùn ṣe pàdé lórí igi kan náà nìyẹn, ohun tí àwọn kan sì rí ni ó ń wúlò fún àwọn kejì.

Kí a tó máa sọ ti òkè, ẹ jẹ́ kí a yanjú ti okùn. Igbà akọpẹ bá ọ̀pẹ mu nítorí pé ọ̀pẹ kò ya ẹ̀ka, kò sì sí ohun tí yóò dí igbà lọ́nà láti ìdí dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n igi bí ìrókò, bí àràbà, tàbí bí igi óákù ilẹ̀ Òyìnbó, tí ó fi ara sanra ní ìsàlẹ̀ tí apá kò ká, tí ó sì la apá yẹ́kẹyẹ̀kẹ lókè, kò ní gba igbà. Ọ̀nà tí àwọn agùngi wọ̀nyí ń gbà ni pé kí okùn kọ́kọ́ gòkè kí ènìyàn tó tẹ̀lé e. Wọn yóò mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọn yóò so àpò kékeré tí òjé wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, wọn yóò sì jù ú kọjá orí ẹ̀ka tí wọ́n ti fi ojú yàn. Bí àpò náà bá balẹ̀ ní òdìkejì, wọn yóò so okùn ńlá mọ́ ìdí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọn yóò fà á kọjá, okùn ńlá yóò sì wá wà lórí ẹ̀ka. Okùn ńlá yìí nípọn tó mìlímítà 12 tàbí 13, nígbà tí ó bá sì wà ní pípé, ẹrù tí yóò já a gbọ́dọ̀ wúwo ju 2,000 kílógíráàmù lọ.

Ìgbànú tí ènìyàn ń wọ̀ gba ìbàdí àti itan méjèèjì mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó sórí àga nínú afẹ́fẹ́. A ó so ẹnu okùn kan mọ́ iwájú ìgbànú náà, okùn yóò gòkè lọ kọjá ẹ̀ka, yóò tún sọ̀ kalẹ̀, a ó sì fi okùn kékeré lọ́ mọ́ apá tí ó sọ̀ kalẹ̀ yìí ní kókó tí ó ní ọgbọ́n nínú. Karl Prusik, ọmọ ilẹ̀ Austria, ni ó gbé èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú irú kókó bẹ́ẹ̀ jáde ní 1931 fún àwọn tí ń gun òkè. Bí a bá gbé ìwúwo ara lé kókó náà, a fún mọ́ okùn ńlá pinpin, kò sì ní yẹ̀. Bí a bá gbé ìwúwo kúrò lórí rẹ̀, a dẹ ara, ọwọ́ sì lè tì í sókè tàbí sísàlẹ̀. Nítorí náà, agùngi yóò fa okùn, yóò ti kókó sókè, yóò jókòó sinú ìgbànú, yóò sinmi, yóò tún fa òmíràn. Nítorí pé okùn ṣẹ́po méjì, mítà méjì okùn ni yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kí ara rẹ̀ tó gòkè ní mítà kan, ṣùgbọ́n agbára tí yóò ná dín kù gidigidi. Ìdí nìyí tí àgbàlagbà tí kò lè fi ọwọ́ lásán gbé ara rẹ̀ nílẹ̀ fi ń gun igi tí ó ga ní 30 mítà. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Ẹni tí ó bá ní kí òun fi agbára ọwọ́ sáré gòkè, kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà ni ẹ̀mí rẹ̀ yóò ti máa já.

Igi yíyàn ni ó tó okùn yíyàn, bí kò bá jù ú lọ. A ó kọ́kọ́ jìnnà sí igi kí a wo gbogbo rẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó orí: bí ẹ̀ka gbígbẹ bá wà níbẹ̀, bí wáyà iná mànàmáná bá gba ẹ̀bá rẹ̀ kọjá, bí àrá bá ti sán lù ú rí tí èèpo rẹ̀ sì ya, bí agbọ́n tàbí oyin bá ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, kí a fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó yí ìdí rẹ̀ ká. Olú tí ó hù jáde lára ìtí tàbí lórí gbòǹgbò lè fi hàn pé inú igi náà ti ń rà, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó gbó ni ó ń fi ara hàn. Ẹ̀ka tí okùn yóò kọjá lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ka tútù tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 níbi tí ó ti pàdé ìtí, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ náà a sì máa ní kí ènìyàn méjì fi gbogbo ìwúwo wọn fà sórí okùn láti ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ sókè, pé bí yóò bá ṣẹ́, kí ó ṣẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ṣì wà nílẹ̀. Akoto kò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹni tí ó wà lókè àti ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka gbígbẹ kékeré tí ó bá já láti òkè lè fọ́ orí ènìyàn. Bí agùngi bá sì fẹ́ ṣí láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn, kò gbọdọ̀ tú okùn àkọ́kọ́ kí ó tó so èkejì mọ́ igi. Àwọn àgbà ti sọ fún wa pé ẹni tí ó wà lórí ọ̀pẹ kì í jọ̀wọ́ igbà, àwọn dókítà ilé ìwòsàn wa tí wọ́n ń tọ́jú àwọn akọpẹ tí ó já bọ́, tí eegun ẹ̀yìn wọn ṣẹ́, yóò sì jẹ́rìí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ewu kan tún wà tí ojú kì í rí, òun sì ni kí ènìyàn so rọ̀ nínú ìgbànú fún ìgbà pípẹ́ láìmira. Iṣan ẹsẹ̀ ni ó máa ń bá ọkàn ṣiṣẹ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà tí a bá ń rìn. Bí ẹsẹ̀ bá wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa gbá jọ sí ìsàlẹ̀, èyí tí ń padà sí ọkàn àti ọpọlọ a máa dín kù, òòyì a mú ènìyàn, ó lè dákú, bí wọn kò bá sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ó lè kú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá so rọ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ ti igi tàbí kí ó fi okùn ṣe ìtẹ̀lẹ̀ fún àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó dá gun igi láìní ẹnì kejì tí ó mọ bí a ti ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá lókè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí wárápá ń mú, ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, àti aboyún, kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn dókítà wọn. Ní ti ọtí, ẹmu tí akọpẹ gbé sọ̀ kalẹ̀, ilẹ̀ ni a ti ń mu ún.

Àǹfààní rẹ̀ fún ara àti ọkàn kò kéré. Ní Japan, John Gathright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gígun igi wé gígun ilé ìṣọ́ tí a fi kọnkéré kọ́, wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 2006: ìṣísẹ̀ ara kan náà ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gun igi sọ pé ara àwọn yá gágá ju ti àwọn tí ó gun ilé ìṣọ́ lọ, ìdààmú ọkàn àti àárẹ̀ wọn sì dín kù. Gíga lásán, nígbà náà, kọ́ ni ó ń tu ọkàn lára. Igi tí ó wà láàyè, tí ewé rẹ̀ ń fẹ́, tí èèpo rẹ̀ ní òórùn, tí ó sì ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ lábẹ́ ènìyàn, ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Kí ni ó wà lókè ọ̀hún gan-an? Nínú igbó kìjikìji, nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń dé ilẹ̀. Gbogbo ìyókù ni àwọn ewé òkè ti gbà. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá sì wà ni oúnjẹ wà, níbi tí oúnjẹ bá sì wà ni ẹ̀dá ń wọ́ lọ. Onímọ̀ nípa kòkòrò kan, Terry Erwin, fi oògùn kòkòrò rú èéfín sí orí igi 19, tí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀yà kan náà, ní Panama, àwọn kòkòrò tí ó jọ yánríbo kéékèèké, tí ìyẹ́ wọn le, tí ó bọ́ sílẹ̀ sì tó 1,200 irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ó gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1982 pé irú kòkòrò inú igbó ilẹ̀ olóoru lè tó 30 mílíọ̀nù, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà lẹ́yìn náà pé iye yẹn ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ibi òfìfo ni orí igi. Ní 1981, onímọ̀ mìíràn, Nalini Nadkarni, ti fi hàn pé ewé tí ó jẹrà àti àwọn ewéko kéékèèké tí ń gbé lára ẹ̀ka máa ń di ilẹ̀ nípọnnípọn sórí igi, àti pé igi mìíràn a máa yọ gbòǹgbò láti ara ẹ̀ka ara rẹ̀, a sì máa fi í fa oúnjẹ nínú ilẹ̀ òkè náà. Nínú àwọn igi redwood ti Kalifọ́níà, tí ó ga jù lọ ní gbogbo ayé, a rí ewéko tí ó hù lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀dá kan tí ìrísí rẹ̀ jọ ti alángbá ṣùgbọ́n tí awọ ara rẹ̀ tutù, tí ó ń gbé níbẹ̀ lókè.

Igi pẹ̀lú ní òpin tí ó lè ga dé. Ní 2004, George Koch, Stephen Sillett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ti gun àwọn redwood náà dé ṣóńṣó, ṣàlàyé pé omi tí ewé ń fà láti inú ilẹ̀ ń ṣòro láti gbé bí ó ti ń ga sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ewé òkè pátápátá fi kéré tí ó sì nípọn, bí ẹni pé inú ọ̀dá ni ó ń gbé, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ibi tí igi lè ga dé kò ní ju 122 sí 130 mítà lọ.

Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú ni ẹ̀kọ́ yìí ń dùn jù. Ibùsùn àsorọ̀ tí àwọn agùngi ń lò jẹ́ aṣọ líle onígun mẹ́rin tí a so igun kọ̀ọ̀kan rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó sùn sórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ ìgbànú rẹ̀. Okùn kan tí kò bá ibùsùn tan yóò ti ara rẹ̀ lọ sórí ẹ̀ka tí ó wà lókè orí, kò sì ní dẹ̀ jù, tí ó fi jẹ́ pé bí ibùsùn tilẹ̀ dojú dé ní òru, olùsùn kàn máa rọ̀ díẹ̀ ni. Òtútù ń wá láti ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń kọjá lábẹ́ aṣọ. Nítorí náà ẹní nínípọn ṣe pàtàkì ju bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ. Gbogbo ohun tí ó bá gòkè, láti orí bàtà dé orí tọ́ọ̀ṣì, ni a gbọ́dọ̀ so. A kò gbọdọ̀ dáná. Ìgò onídèérí ni a ń tọ̀ sí, ilẹ̀ ni a sì ń gbé e padà sí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ibi tí àrá fẹ́ràn tó igi gíga.

Bí gbogbo èyí bá tò, ènìyàn yóò wá rí ohun tí ẹni tí ó sùn sílé kò lè rí. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán a máa rọlẹ̀. Ewé òkè a fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún ojú ọ̀run, a tutù, ìrì a sì kọ́kọ́ sẹ̀ sí i kí ó tó sẹ̀ sílẹ̀. Igi fúnra rẹ̀ a yí ìdúró padà: ní 2016, àwọn onímọ̀ fi ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí wọn igi birch méjì, ọ̀kan ní Finland, èkejì ní Austria, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó nǹkan bíi mítà 5, wọ́n sì rí i pé ẹ̀ka àti ewé wọn sọ̀ kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní òru, kí wọ́n tó tún gbé orí sókè ní òwúrọ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, òru ni òwàwà ń ké lórí igi, òru ni òdòdó àràbà ń là kí àdán lè wá mu omi dídùn inú rẹ̀, kí ó sì gbé àtíkè òdòdó láti igi kan dé òmíràn. Àdán yìí kan náà ni ó ń jẹ èso ìrókò tí ó sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ jìnnà réré. Ìrókò olúwéré tí àwọn ọmọdé ń sá fún lóru, òru gan-an ni ó ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí àjò.

Ó wá ku ẹ̀tọ́ igi lára wa. Lábẹ́ èèpo igi bí ìrókò tàbí óákù ni awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, òun ni ó ń bí ara tuntun fún igi. Bí okùn bá ń ha án lójoojúmọ́, tàbí bí bàtà onírin ṣóńṣó bá gún un, ọgbẹ́ ni, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún àrùn. Nítorí náà ni àwọn agùngi gidi kì í fi bàtà onírin gun igi tí a kò ní gé, tí wọ́n sì ń fi awọ tàbí rọ́bà bo ibi tí okùn bá ti ń kọjá. Ẹsẹ̀ ènìyàn nísàlẹ̀ pẹ̀lú lè pa igi. Hyperion, igi redwood tí wọ́n rí ní 2006, tí ó ga ju 115 mítà lọ, kò ní ọ̀nà kankan tí a là dé ìdí rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn olùbẹ̀wò tẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ọgbà igbó tí igi náà wà nínú rẹ̀ fi ti agbègbè rẹ̀ pa ní 2022, wọ́n sì kéde owó ìtanràn tí ó lè tó 5,000 dọ́là àti ẹ̀wọ̀n fún ẹni tí ó bá ré òfin kọjá. Julia Butterfly Hill, obìnrin kan tí ó ń jà fún igbó, gbé orí redwood kan fún ọjọ́ 738 láti 1997 sí 1999 kí wọ́n má baà gé e. Ìfẹ́ igi ni ó gbé e lọ síbẹ̀, ìfẹ́ kan náà ni ó sì yẹ kí ó máa gbé àwọn tí ń sùn lókè fún òru kan ṣoṣo.

Ẹni tí kò bá ní okùn, tí kò sì ní olùkọ́, kò pàdánù gbogbo rẹ̀. Ní Lekki ní ìpínlẹ̀ Èkó, afárá orí igi kan wà tí ó gùn ní 401 mítà. Ní ọgbà Kakum ní orílẹ̀-èdè Ghana, òmíràn wà tí wọ́n so mọ́ igi láti 1995, tí ó gba inú ìbòrí igbó kọjá ní nǹkan bíi 350 mítà. Kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ rìn níbẹ̀ ná, kí ó mọ bí ọkàn òun yóò ti ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá jìnnà. Bí ó bá tún fẹ́ lọ sí i, kí ó wá ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, kí ó kọ́ ọ lórí ẹ̀ka tí kò ga, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ó sì yẹra fún igi tí àwọn ará ìlú yà sọ́tọ̀ nínú igbó òrìṣà, nítorí pé àjèjì kì í mọ ohun tí onílé fi pamọ́. Kí ó má fi ọmọdé sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò dúró tì í, kí ó má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi àbùkù kàn án pé ojo ni nígbà tí ó bá sọ pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé gígun kò tíì parí títí ẹsẹ̀ yóò fi tẹ ilẹ̀.